Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Ru Ẹrù Akínbọ̀dé Gun Òkè Àìkánjú

Ẹni tó bá ní ikọ́ lọ́fun, kó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ìtàn ọdẹ kì í ṣe ẹ̀kọ tútù tí ẹnìkan lè bù mu lójú ọ̀nà kó sì máa lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò ní í padà sẹ́yìn nítorí ẹni tó lọ tọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló ti gbọ́ nípa ọdẹ tó bá iwin olórí méje wọ̀yá ìjà. Ti òní yàtọ̀. Ọ̀tá tí ọdẹ yìí kọ́kọ́ bá pàdé kò gbé inú igbó. Abẹ́ egungun ìhà òsì rẹ̀ ló ń gbé, níbi tí ọta ìbọn kankan kò lè lọ bá a.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ ọdẹ náà, ọmọ ìlú Ìdí-Àpá. Bí ẹ bá bi í léèrè irú ọdẹ tí òun jẹ́, kò ní í rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Yóò ní ẹfọ̀n tó bá gbúròó òun á kọ́kọ́ dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó sá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹfọ̀n kan tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Akínbọ̀dé. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n wọn ni wọ́n ti jọ ń dọdẹ. Bí ọ̀kan bá yìnbọn, èkejì ni í ru ẹran. Bí ọ̀kan bá parọ́ nípa títóbi ẹran náà, èkejì ni í ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Akínbọ̀dé ṣàìsàn fún ìgbà díẹ̀, ó sì kú. N kò ní í sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti sin ẹnìkejì rẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ní Ìdí-Àpá, bí ọdẹ bá kú, wọn kì í kàn sin ín kí wọ́n sì gba ilé lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìṣípà fún un. Wọ́n á kó ìbọn rẹ̀, àpò rẹ̀ àti fìlà ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n á sì sun ìrèmọ̀jé, èyí tí í ṣe arò àwọn ọdẹ, kí òkú náà lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí fún òun, kó máa lọ bá àwọn baba rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, á máa rìn káàkiri igbó, á máa yìnbọn sí ẹran tí kò ní í kú. Àwọn ará Ìdí-Àpá sì ní àṣà tiwọn lórí èyí. Ẹnìkejì tó bá olóògbé dọdẹ ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù náà, òun nìkan ṣoṣo, dé ìdí ìrókò tó wà lórí Òkè Àìkánjú. Òun náà ló gbọ́dọ̀ sun ìrèmọ̀jé náà tán. Bí èémí bá já mọ́ ọn lẹ́nu kí arò tó parí, asán ló ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Akínbọ̀dé, Ọdẹ́rìndé dúró lẹ́bàá ibojì, ó ní kí òun fi ẹsẹ̀ arò kan kí ọ̀rẹ́ òun kí òun tó lọ múra ìrìn-àjò. Ó la ẹnu. Kò tíì dé ibi tí à ń ti ki baba olóògbé tí nǹkan fi gbá àyà rẹ̀ mú bí pàkúté ṣe ń gbá ẹsẹ̀ ìgalà mú. Òógùn bò ó. Apá òsì rẹ̀ kú tì. Ó ṣubú lé erùpẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà ní ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ ló dí. Wọ́n ṣí i. Ó yè. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbìyànjú láti rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé, ó ń mí bí ajá tó lé ọ̀yà kú. Àwọn ará ìlú sì ń mú ìròyìn wá pé àwọn ń gbọ́ ìró ìbọn nínú igbó, pé bí àwọn bá débẹ̀, kò sí òórùn ẹ̀tù, kò sí ẹran, kò sí ọdẹ. Ọdẹ́rìndé mọ ẹni tó ń yìnbọn.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ṣíjúadé, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn tí ọkàn wọn ti dá dúró rí bí wọn ó ṣe tún máa lo ara. Ọdẹ́rìndé sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un.

Ṣíjúadé ní, “Bàbá, ọkàn yín dà bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so pọ̀. Bí ẹ bá jókòó tì í, á gan. Bí ẹ bá fi sáré lọ́jọ́ kìíní, á tún kán. Rírìn ni oògùn rẹ̀, oògùn sì ní ìwọ̀n.”

“Ta ni yóò máa wọn ìwọ̀n náà fún mi láàárín igbó? Ṣé ìwọ á bá mi lọ?”

“Èmi kẹ̀? Ẹ̀rù ejò ń bà mí. Èyí ni yóò bá yín lọ.”

Ó so aago kan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Kì í ṣe aago tí ń sọ pé oúnjẹ ọ̀sán ti tó. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ti kan ara, iná wínníwínní kan wà tí ń ṣẹ́jú bí tanátaná. Iná náà ló ń wo ẹ̀jẹ̀ láti ojú awọ, tó sì ń mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ojú aago bá ní àwọ̀ ewé, kí a máa rìn. Bí ó bá di àwọ̀ ìyeyè, kí a dẹ ẹsẹ̀. Bí ó bá pọ́n, kí a dúró kí a jókòó. Aago á ròyìn fún fóònù tó wà nínú àpò, fóònù á sì ròyìn fún Ṣíjúadé níbikíbi tó bá wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bi mí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé igbó iwin, mo ti rí ojú yín. Igun kan wà nínú yàrá yín tí kò dé. Ẹ lọ tún ìyẹn ṣe ná.

Ṣíjúadé fi ẹ̀kọ́ kan kún un. “Bí ẹ bá ń rìn, tí ẹ sì lè kọrin, ẹ ń ṣọ̀lẹ. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ń pa ara yín. Ìrìn tó dára ni èyí tí ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin.”

Ọdẹ́rìndé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn yí ilé ká, ó rìn dé ojúde, ó rìn dé odò. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó. Olúọdẹ Ìdí-Àpá, ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, sọ fún un pé, “Ọdẹ́rìndé, ó kù kí o máa gba àṣẹ lọ́wọ́ aago kó o tó tọ̀.”

“Mo ti ń gbà á,” ni Ọdẹ́rìndé fi dá a lóhùn. “Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì yàn án lódì rí ló ń fi ẹni tó ń bẹ ọkàn tirẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.”

Nígbà tó ṣe, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó tó lọ. Ọdẹ́rìndé wọ ẹ̀wù ọdẹ, ó di ẹrù Akínbọ̀dé sí ẹ̀yìn, ó sì so ìfúnpá tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un mọ́ apá. Níbẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe kan tí ọdẹ nìkan lè ṣe. Òfin ọdẹ ni pé nǹkan àjèjì kò gbọdọ̀ kan ara ọdẹ nínú igbó ṣáájú oògùn baba rẹ̀. Ọdẹ́rìndé tú aago kúrò lọ́rùn ọwọ́, ó fi okùn sí i kó lè gùn, ó sì so ó lé orí ìfúnpá náà gan-an. Ó rò pé òun ti fi aago sípò àbúrò, ó ti fi oògùn sípò ẹ̀gbọ́n. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀. Ó wọ Igbó Èémí lọ.

Àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́; ẹni tó bá rìn jìnnà á rí abuké erin. Nínú Igbó Èémí, àwọn ewé ń mí. N kò sọ pé atẹ́gùn ń fẹ́ wọn. Mo ní wọ́n ń mí: igi á gbé àyà sókè, á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Àárín àwọn igi wọ̀nyí ni Iwin Kánjúkánjú ti fò síta. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ó ń fi méjì sáré, ó ń fi ìkẹta ta erùpẹ̀ sójú ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Orí rẹ̀ kò ju àgbọn lọ, ẹnu rẹ̀ sì tó ilẹ̀kùn.

“Arúgbó, kí lo rù?”

“Ẹrù òkú.”

“Òkú ta ni?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Ọ̀rẹ́ rẹ, o sì ń rìn báyìí bí aboyún tó ń lọ pọn omi? Nígbà tí ọ̀rẹ́ tèmi ń kú lọ, mo sáré débẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn.” Iwin náà fi ẹsẹ̀ kẹta họ ara. “Òfin igbó yìí ni pé kí àlejò bá mi sáré dé ẹ̀bá odò. Bí o bá ṣáájú mi, ọ̀nà là fún ọ. Bí mo bá ṣáájú rẹ, ọkàn rẹ ni mo fi máa jẹ ẹ̀bà lónìí.”

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn dun ọdẹ. Ó bojú wo aago tó wà lórí ìfúnpá. Ojú aago náà dákẹ́ rọ́rọ́, kò pọ́n, kò sì yí padà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, “Ọkàn mi tutù bí omi inú àmù.” Ó bá ki eré mọ́lẹ̀.

Kò tíì jìnnà tí pàkúté ọjọ́ yẹn fi tún gbá a láyà mú. Ó dì mọ́ igi kan, ó sì yọ́ jókòó sílẹ̀. Iwin ti lọ jìnnà, erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Nínú àpò, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

“Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ kí n gbọ́. Ṣé ẹ wà láàyè?” Ṣíjúadé ni.

“Ta ló ní mo kú?”

“Aago yín ni. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ fún mi pé ara tí wọ́n so òun mọ́ kò ní ọkàn nínú. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ ni. Ibo lẹ so ó mọ́?”

Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ bo aago náà.

“Bàbá.”

“Orí ìfúnpá.”

“Ìfúnpá tí wọ́n fi awọ rán?”

“Awọ ìgalà ni. Ti baba mi ni. Nǹkan àjèjì kì í kan ara ọdẹ ṣáájú rẹ̀.”

“Ó dáa. Láti àárọ̀ ni aago ti ń wá ọkàn ìgalà tó ti kú.” Kò rẹ́rìn-ín. “Bàbá, n kò ní kí ẹ tú baba yín kúrò lára. Ẹ̀gbọ́n ni ìfúnpá, ẹ fi apá sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ fún aago ní ọrùn ọwọ́, kó kan awọ tiyín. Kí ẹ sì jókòó síbẹ̀ títí àyà á fi tú yín sílẹ̀. Ẹ lo oògùn tí dókítà ní kí ẹ fi sábẹ́ ahọ́n. Bí ìrora náà kò bá lọ, ẹ kò lọ síbì kankan mọ́. Èmi ni n ó wá gbé yín, ejò ni kó pa mí.”

Ó ṣe bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Nígbà tí aago kan awọ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n ti ń pàrọwà fún láti àárọ̀ tí kò gbọ́. Ọdẹ jókòó. Kò sí nǹkan tó le fún ọdẹ tó kí ó jókòó nígbà tí ọ̀tá ń fi í ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó jókòó. Ìrora náà rọlẹ̀, ó rá. Ojú aago di ìyeyè, ó di àwọ̀ ewé. Ṣíjúadé bi í ní ìbéèrè, ó dáhùn, ó tún bi í, ó tún dáhùn, kó tó gbà fún un pé kó dìde.

Ó ń rìn jẹ́jẹ́. Iwin Kánjúkánjú wẹ̀yìn, kò rí ẹni tí yóò ta erùpẹ̀ sí lójú. Ó sáré padà.

“Ṣé o ṣì wà níbí?”

“Mo ń bọ̀.”

Iwin sáré lọ, kò dùn mọ́ ọn, nítorí ìṣẹ́gun tí kò sí ẹni tó ń bínú sí i kò ládùn. Ó tún sáré padà wá. “Ẹsẹ̀ rẹ rí bí odó.” Ọdẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí àwọ̀ ewé, ó ní, “Odó náà ń bọ̀.” Báyìí ni iwin ń sá lọ sá bọ̀, tó ń rin ọ̀nà kan náà ní ìlọ́po ìlọ́po láti lè bú ẹni tó ń rìn ín lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí odò hàn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ kẹta kọ́kọ́ yarọ. Lẹ́yìn náà ni méjì tó kù wó lulẹ̀. Iwin náà dùbúlẹ̀ sí àárín ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ilé tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ọdẹ́rìndé rọra yà fún un.

“Dúró,” ni iwin wí, “kí ni orúkọ oògùn tó o lò?”

“Ṣùúrù.”

“N kò tíì gbọ́ ọ rí.”

“Mo mọ̀.”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín tán kí n máa bọ́rọ̀ lọ.

Ọdẹ́rìndé sọdá odò; ní òdìkejì ni Ìlú Ajókòó wà. Ìlú náà dára. Kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀ àfi àwọn igi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbo kún fún àga, orí àga gbogbo kún fún èèyàn, ẹsẹ̀ àga wọn sì ti ta gbòǹgbò wọ ilẹ̀. Oúnjẹ ń fúnra rẹ̀ lọ bá wọn. Ọba wọn, Ajókòójayé, sanra débi pé adé rẹ̀ dà bí ìdérí orí ìkòkò ńlá. Kò bínú, kò halẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ máa bẹ̀rù ẹni tí kì í halẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn, bàbá,” ni ọba náà wí. “A gbọ́ pé ọkàn yín ti dá dúró rí.”

“Ó ti dá dúró, kábíyèsí. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ padà.”

“Gbogbo wa níbí la jọ ṣe àìsàn yẹn. Ọkàn tó ti ṣàìsàn, ẹyin ni. Ta ló ń gbé ẹyin rìnrìn-àjò? Ẹ jókòó. A gbọ́ pé ọ̀rẹ́ yín kú. Ẹ jókòó kí ẹ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọdẹ́rìndé lára ju eré iwin lọ. Láti ọjọ́ tí Akínbọ̀dé ti kú, kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé kó jókòó kó ṣọ̀fọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ní ẹsẹ̀. Ó jókòó. Àga náà tutù, ó gba ìdí rẹ̀ bí ìyá ṣe ń gba ọmọ. Wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Obìnrin kan tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ń jẹ́ Ìyá Dúródọlá, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

“Àwọn ọmọ mi ló gbé mi wá síbí,” ni obìnrin náà wí. “Wọ́n fẹ́ràn mi. Bí mo bá fẹ́ bu omi, wọ́n á ní, Màmá, ẹ jókòó. Bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀, Màmá, ẹ jókòó. Nígbà tó yá, n kò rántí ohun tí à ń pè ní ẹsẹ̀ mọ́.”

“Ǹjẹ́ ẹ fẹ́ dìde?”

“Tí mo bá dìde, tí mo bá kú ńkọ́?”

Kí ọdẹ tó dáhùn, aago mì lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó mì lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni ń fi ìka tọ́ ọ. Ó ti jókòó pẹ́ jù. Ọba gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ tú nǹkan yẹn kúrò lọ́wọ́. Kì í jẹ́ kí ènìyàn ní ìsinmi.”

Ọdẹ́rìndé fẹ́ dìde. Kò lè dìde. Gbòǹgbò wínníwínní ti ti ara àga wọ inú ṣòkòtò rẹ̀, ó ti yí itan rẹ̀ ká. Ó fà á, ó tún le sí i. Ó fẹ́ fi agbára ja ara rẹ̀ gbà, ojú aago sì ń di ìyeyè. Nígbà náà ló rántí ohun tí Ṣíjúadé kọ́ ọ nígbà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, pé ara tó bá ti gan, orí ìka ẹsẹ̀ la ti ń jí i. Ó mi ìka ẹsẹ̀. Ó gbé gìgísẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Gbòǹgbò kan já. Ó na orúnkún, ó ká a padà. Òmíràn já. Ó na apá sókè, ó sì mí wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì mí jáde, gbogbo rẹ̀ lórí ìjókòó, láìkánjú. Àwọn ará ìlú ń wò ó bí ẹni ń wo adìyẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́.

“Kí lẹ ń ṣe yẹn?” ni Ìyá Dúródọlá béèrè.

“Mo ń dìde.”

“Ẹ ṣì wà lórí ìjókòó.”

“Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Obìnrin náà bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun náà mi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò kan dún pọ́ọ́ lábẹ́ àga rẹ̀. Ẹnìkan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì gbọ́ ìró náà, ó gbé gìgísẹ̀ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń dún bí oko ẹ̀pà tí wọ́n ń tu. Ọba Ajókòójayé ń pàṣẹ pé kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde lọ mú arúfin? Nígbà tí Ọdẹ́rìndé fi gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn padà, Ìyá Dúródọlá ti dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di ògiri mú, ó ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ rọra o,” ni ọdẹ sọ fún un. “Lónìí, láti orí àga dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀la, kí ẹ fi díẹ̀ kún un.”

“Bàbá, ṣé dókítà ni yín?”

“Ọdẹ ni mí. Ẹfọ̀n mọ̀ mí.”

Ó kúrò níbẹ̀, ó dé ẹsẹ̀ Òkè Àìkánjú. Ẹnubodè òkúta kan wà níbẹ̀, arúgbó obìnrin kan sì jókòó sí i lẹ́nu. Ara rẹ̀ jẹ́ òkúta títí dé ọrùn, ojú rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ti ènìyàn. Òun ni Ìyá Oníbodè.

“Àwọn alágbára ti wá síbí,” ni arúgbó náà wí. “Wò wọ́n nílẹ̀.” Òótọ́ ni. Ìbọn àti àpò ọdẹ wà kiri nínú koríko. “Àlọ́ ni mo fi ń ṣí bodè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kì í dé òkè. Ṣé o ti ṣe tán?”

“Ẹ máa wí, ìyá.”

“Mo lè bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀, n kò lè kọrin fún un. Bí mo bá lè kọrin fún un, n kò tíì múra. Bí n kò bá lè bá a sọ̀rọ̀, mo ti kọjá ààyè mi. Kí ni mí?”

Ọdẹ́rìndé fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ìrìn ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń bọ̀ sípò ni.”

Arúgbó náà ṣẹ́jú. “Láti ìgbà tí mo ti di òkúta, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ni ìfẹ́ àna. Ta ló sọ fún ọ?”

“Nọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀rù ejò ń bà.”

“Máa gòkè. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: orin ló gbé ọ wá, àbí? Má kọ ọ́ lójú ọ̀nà.”

Bodè ṣí. Ó ń gun òkè. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òkè rí, n kò ní í júwe rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò gùn ún rí, kò ní í yé yín. Ẹrù Akínbọ̀dé ń wúwo sí i bó ti ń gòkè. Ní àwọn ibi kan, ó ń gbọ́ ìró ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń wù ú láti ké sí i, kó bẹ̀rẹ̀ arò náà níbẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú. “Mo wà ní ìdí àràbà kan.” “Mo ń gbọ́ yín, bàbá.” “Aago ti di ìyeyè.” “Mo rí i. Ẹ dẹ ẹsẹ̀.” “Ó ti padà sí àwọ̀ ewé.” “Ó yá.” Ó sinmi nígbà tó yẹ kó sinmi, ojú kò sì tì í. Báyìí ni ó ṣe dé orí òkè níbi tí ìrókò náà dúró sí, tí ọ̀run súnmọ́ ilẹ̀.

Ó gbé ẹrù kalẹ̀. Ó fi ìbọn Akínbọ̀dé ti ara igi. Ó fi àpò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi fìlà lé e lórí. Kò tíì la ẹnu. Ó jókòó títí ọkàn rẹ̀ fi rọlẹ̀ tán, títí tó fi lè kọrin. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró, ó sun ìrèmọ̀jé.

Ó pe Akínbọ̀dé ní orúkọ. Ó ki í, ó ki ìyá rẹ̀. Ó dé ibi tí à ń ti ki baba rẹ̀, níbi tí ó ti ṣubú lọ́jọ́sí. Ó kọjá ibẹ̀. Ó ní:

“Akínbọ̀dé, ọmọ atẹ̀lẹ̀-má-jẹ̀ẹ́-kéwé-ó-gbọ́,
Ọ̀nà tó o là, koríko ti bò ó.
Iná tó o dá, eérú rẹ̀ ti tutù.
Ẹran kò mọ̀ ọ́ mọ́, fi ìbọn sílẹ̀.
Baba rẹ ti gbé ìjókòó síta dè ọ́.
Ó tó, ọ̀rẹ́ mi. Máa lọ. Ó tó.”

Ìwọ̀nyí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Arò ọdẹ kì í ṣe ohun tí à ń tú sílẹ̀ tán níwájú èèyàn tí kò ní òkú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sun ún tán. Èémí kò já. Ohùn rẹ̀ lọ láti orí òkè náà kọjá Ìlú Ajókòó, ó kọjá odò, ó wọ Igbó Èémí lọ, àwọn ewé tó ń mí sì dá èémí dúró títí ó fi parí. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní Ṣíjúadé gbé fóònù sí ojú tábìlì, gbogbo àwọn tí ń kọ́ ìrìn nínú yàrá náà sì dúró ní ibi tí wọ́n wà.

Nígbà tó parí, ó fẹ́ wó lulẹ̀ sí ìdí igi.

“Bàbá,” ni Ṣíjúadé wí lórí fóònù, “ẹ má dúró lójijì. Ẹ rọra máa rìn yíká, kí ọkàn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ìrókò náà ká. Ní ìyípo kejì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí Akínbọ̀dé máa ń rìn. Kò wo ibẹ̀. A kì í wo ibẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún un pé òrùlé tó ń jò ni wọ́n ti tún ṣe. Ó sọ fún un pé oko ti dọ́tí, pé òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí dókítà bá gbà. Ọkàn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ìró ẹsẹ̀ kejì náà sì ń fúyẹ́. Wọ́n yípo, wọ́n yípo. Nígbà tí aago fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti padà sí bó ṣe máa ń wà nílé, ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ló ń tẹ ewé.

Ọdẹ́rìndé dúró. Ó gbé ìbọn tirẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sókè, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Láti ìsàlẹ̀, ní apá ibi tí Ìdí-Àpá wà, àwọn ọdẹ yin tiwọn padà. Ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn nínú wọn, wọ́n ní Olúọdẹ ni.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí òkè ṣe rí, kó lọ wá òkè tirẹ̀ gùn.